Ọjọ́ márùn-ún lórí òkè Èkìtì láìsí Tíṣà

Ọjọ́ Ajé: Adó sí Ìkẹ́rẹ́

Mo ti ilẹ̀kùn ilé ní aago méje òwúrọ̀ kọjá díẹ̀. Ọyẹ́ ti bo Adó-Èkìtì mọ́lẹ̀ débi pé iná iwájú nìkan ni a fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀, ètè mi sì ti là kí n tó dé títì. Bí ó bá jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá ni, Tíṣà ì bá ti wá kan fèrèsé yàrá mi kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò sì wí pé, "Bàbá Ìbejì, oòrùn ti fẹ́ gba iwájú wa o," bí ẹni pé èmi àti oòrùn jọ ní àdéhùn kan tí mo fẹ́ yẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, fóònù ni ó jí mi.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí ìlú ṣì ń jó ijó ayọ̀, ọ̀rẹ́ mi yìí, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní ẹ̀kọ́ Jọ́gíráfì, wọlé wá bá mi nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi, ó ní wọ́n ti fún wa ní ìpínlẹ̀, ó sì tọ́ kí a lọ wo ohun tí wọ́n fún wa. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1997 ni a kọ́kọ́ jáde. Láti ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti dé, tí àwọn oníbàárà ti kó aṣọ ọdún wọn lọ tán, àwa méjèèjì a gbé àpò kọ́ èjìká, a ó sì fi ọjọ́ márùn-ún lọ láti ìdí òkè kan dé ìdí òkè mìíràn. Inú òjò tó kọjá yìí ni Tíṣà sùn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan tí kò sì jí mọ́. Èmi ni mo rán aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un. N kò mú tépù lọ síbẹ̀, nítorí mo mọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀rá kan lé mi lọ́wọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò kákí tí mo rán fún un láti ara aṣọ kan náà tí mo fi rán tèmi, àti tẹmómítà onígíláàsì tí ó máa ń kì bọ àpò tóóró tí mo dìídì rán sí itan ọ̀tún ṣòkòtò náà. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí bàbá ń fi ìwọ̀nyí ṣe." Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé láti ọdún 1997, n kò kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ rí. Tíṣà ni ó ń kọ ọ́, èmi a sì máa kùn pé ó ń dá wa dúró.

Kí ọkọ̀ tó jáde ní Adó, a kọjá níbi ère Adékúnlé Fájuyì. Tíṣà kì í kọjá níbẹ̀ láìṣí fìlà, ìbáà jẹ́ inú ọkọ̀ ni ó wà, nítorí ọmọ Adó ni ọ̀gágun náà í ṣe, kò sì jọ̀wọ́ àlejò rẹ̀, Ironsi tí ó jẹ́ olórí ìjọba ológun, fún àwọn tí ó wá mú un ní Ìbàdàn ní oṣù Keje ọdún 1966, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ pa. Èmi kì í dé fìlà ní ìrìn-àjò. Mo kàn gbé ọwọ́ lé orí.

Ní Ìkẹ́rẹ́, mo rìn yí ìdí Olósùnta ká gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. A kì í gùn ún, nítorí òkè tí ìlú ń bọ lọ́dọọdún ni, Tíṣà sì gbà pé ohun tí ẹlòmíràn ń bọ, ìdí rẹ̀ ni à á ti í kí i. Àpáta ńlá kan ni, ó dúdú, ó sì tẹ́jú lára bí ẹ̀yìn erin. Tíṣà a máa sọ pé òkè náà kò dìde, ilẹ̀ ni ó rẹlẹ̀ fún un: abẹ́ ilẹ̀ ni àpáta náà wà tẹ́lẹ̀, òjò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ó fọ erùpẹ̀ orí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ẹrù orí rẹ̀ sì fúyẹ́, awọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Ó mọ abala òkúta kan tí ó tó ilẹ̀kùn, tí ó ti là kúrò lára àpáta náà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Lọ́dún 2004 ni ó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé abala yìí kò ní pẹ́ já. Ọdọọdún ni ó ń lọ wò ó, ọdọọdún ni ó sì ń kọ ọ́ pé, "Kò tíì já." Mo lọ wò ó lónìí. Kò tíì já.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni ó máa ń gbé wa dé ẹ̀gbẹ́ ààfin. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀ nì, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́, ó sì ya bí Ògògà ṣe gba Òyìnbó aláṣẹ kan lálejò sára rẹ̀, Òyìnbó náà lórí ohun tí wọ́n fi gbé e wá, ọba lórí ìtẹ́. Ní ọdún 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kò sì padà wálé mọ́. British Museum ni ó wà títí di òní. Ọba kò tà á o. Àga ọba tí wọ́n kàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ìbínú Tíṣà lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í tán. "Ta ló ń fi ilẹ̀kùn gba àga? Ẹni tó jókòó tán, tí afẹ́fẹ́ wá ń fẹ́ ẹ látẹ̀yìn ńkọ́?" Èmi a ní bóyá ọba ní ilẹ̀kùn mìíràn. A ti fa ọ̀rọ̀ yìí tó ìgbà ogún, n kò sì gbà fún un rí. Lónìí, kò sí ẹni tí mo máa bá fà á, mo sì rí i pé tirẹ̀ ni ó tọ́.

Mo sùn sí Ìkẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Mo padà sí Adó, mo sì wọ ọkọ̀ gba Ìyìn, Ìgèdè àti Aramọkọ lọ. Àwọn ará ìjọ kan tí wọ́n ń kọrin kún ọkọ̀ náà, ibi ibojì Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni wọ́n ń lọ, nítorí Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin ín sí nígbà tí ó kú ní Ẹdẹ ní ọdún 1959. Ìyá kan nínú wọn bi mí bóyá ọ̀dọ̀ òkú ni èmi náà ń lọ. Mo ní rárá, ṣùgbọ́n bí mo ti ń sọ ọ́ ni ó ń dà bí irọ́ létí èmi fúnra mi.

Òkè ni ó yí Ẹ̀fọ̀n ká. Òkúta ibẹ̀ kì í ṣe irú ti Ìkẹ́rẹ́. Ó funfun, ó le, ó sì máa ń kọ mànà bí oòrùn bá bà á. Quartzite ni Tíṣà ń pè é. Iyanrìn ni nígbà ìwáṣẹ̀, kí ooru àti ìnira inú ilẹ̀ tó fún un pọ̀ di òkúta, ìdí nìyí tí òkè náà fi nà gbọọrọ bí ògiri, tí kò rí roboto bí Olósùnta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀nà tí a máa ń gbà. Kò pẹ́ rárá tí èémí fi ń ká mi lọ́nà ọ̀fun, tí àyà mi ń lù kìkì, tí mo sì ní láti jókòó sórí òkúta, kí n máa wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Èmi tí mo máa ń ti Tíṣà níwájú lórí òkè kan náà yìí ní oṣù Kìn-ín-ní tó kọjá! Ìgbà tí mo jókòó náà ni ó yé mi. Ọkùnrin náà kì í rìn tó igba ìṣísẹ̀ kí ó tó dúró, kí ó yọ báírò, kí ó kọ nǹkan, kí ó tún wo ojú ọ̀run, kí ó tó dé ìwé rẹ̀. Èmi a dúró tì í, n óò máa pòṣé. Àṣé ìkọ̀wé rẹ̀ ni ìsinmi mi. Mo yọ ìwé náà jáde níbẹ̀, mo wá ojú ewé tí kò ní nǹkan nínú, mo sì kọ ọ́ pé: "Ẹ̀fọ̀n, aago mọ́kànlá. Ó ti rẹ̀ mí." Láti ibẹ̀ dé òkè, mo dúró nígbà mẹ́fà láti kọ nǹkan tí kò ní láárí.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo yà sọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ wa. Kò sí ohun tí a ń jẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ ju iyán lọ, kò sì sí ọmọ Èkìtì tí yóò bi wá léèrè ìdí. Ó rí mi lókèèrè, ó sì ti da abọ́ méjì sílẹ̀ kí n tó wọlé, ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ púpọ̀ àti ìgbín, nítorí Tíṣà kì í jẹ ẹran. Ó wo ẹ̀yìn mi sí ojú ọ̀nà.

"Ẹnìkejì yín dà?"

Mo ti múra ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láti Adó, pé ó ti papò dà, tàbí pé ó ti relé, irú ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà fi ń bo ikú láṣírí. Kò sí èyí tí ó wá sí mi lẹ́nu nínú wọn. Mo ní, "Ó kú, Màmá. Ó kú nínú òjò."

Ó gbé ọwọ́ lérí, ó ní, "Háà! Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un." Ó ń gbé abọ́ ìgbín náà padà lọ sídìí ìkòkò, ó sì dúró láàrin ọ̀nà. Ó padà wá, ó sì gbé e kalẹ̀ sí iwájú àga tí ó kọjú sí mi. Ó ní òun ti bù ú, òun kò lè dà á padà sínú ìkòkò. Bí mo ṣe jẹ tèmi nìyẹn, tí mo ń wo ọbẹ̀ tí ń dì. Kò gba owó abọ́ kejì, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí.

Ọjọ́rú: Òkèmẹ̀sí

Ọjọ́ yìí kò gùn. Òkèmẹ̀sí ni ìlú Fábùnmi, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tanná ran ogun Kírìjì ní ọdún 1877, nígbà tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ láti gba ara wọn lọ́wọ́ Ìbàdàn, tí wọ́n sì fi Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ṣe balógun. Ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ìró àgbá tí ó ń dún láàrin òkè ni àwọn ènìyàn fi sọ ogun náà lórúkọ. Tíṣà kì í fi ẹnu lásán sọ èyí fún ọmọ iléèwé, a máa dúró ní ẹ̀bá òkè, a fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí fèrè, a sì ké "Kí-rì-jì!" títí òkè yóò fi dá a lóhùn. Ó máa ń ti èmi lójú.

Mo dúró síbẹ̀ lónìí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo sì ké e. Ohùn mi kéré, òkè kò fèsì. Àgbẹ̀ kan tí ó ru igi ìdáná dúró, ó wò mí, ó ní, "Ẹ n lẹ́ o, bàbá," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀: Ìpólé-Ìlórò

Àrìnta ni mo lọ, ìtàkìtì omi Ìpólé-Ìlórò, tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ pé ìpele méje ni ó ní. Mo gba Aramọkọ àti Erìjìyàn dé Ìkógòsì, mo sì gun ọ̀kadà láti ibẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọjá Ìkógòsì láìyà ni, nítorí Tíṣà máa ń fi Ìkógòsì sí ìgbẹ̀yìn, bí ọmọdé ṣe ń fi ẹran sílẹ̀ títí iyán yóò fi tán.

Igbó ibẹ̀ tutù, ọyẹ́ kò tilẹ̀ dé abẹ́ rẹ̀. Lára òkúta tí ó wà lẹ́bàá omi náà ni ewédò tẹ́ sí, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ àwọ̀ òkúta tí ó gbẹ. Tíṣà ni ó máa ń ṣíwájú pẹ̀lú ọ̀pá, a máa kan òkúta kọ̀ọ̀kan, a sì sọ fún mi pé, "Ó dára," tàbí, "Ó ń yọ̀." N kò gbé ọ̀pá dání. Ní ìpele kejì, mo gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀kan tí ó dà bí èyí tí ó gbẹ, ayé sì yí po. Orúnkún òsì ni mo fi balẹ̀. Egungun kò yẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣàn, kákí mi sì fà ya láti orúnkún dé ìsàlẹ̀ itan. N kò gun ìpele kẹta. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ariwo omi náà láti òkè, mo sì bínú sí Tíṣà gidigidi, irú ìbínú tí ó ti yẹ kí n bí láti ọjọ́ ìsìnkú.

Ní ilé ìtura tí mo sùn sí ní Ìkógòsì, mo yọ abẹ́rẹ́ àti òwú, nítorí aránṣọ kì í rìn láìní wọn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo fi ti ìgò omi. Ṣùgbọ́n aṣọ náà ti gbó. Ibi tí mo bá rán ni ó ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, mo jáwọ́. Ṣòkòtò Tíṣà ni ó kù nínú àpò mi. Mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, mo wo ojú abẹ́rẹ́ mi lẹ́bàá àpò tẹmómítà náà, tí mo rán ní ẹ̀ẹ̀mejì nítorí ó sọ fún mi pé bí gíláàsì náà bá jábọ́, òun kò ní rí irú rẹ̀ rà mọ́.

Oorun kò wá. Mo gbé ìwé rẹ̀, mo sì ka gbogbo ohun tí ó kọ nípa omi gbígbóná Ìkógòsì láti ọdún 1997. Ohun tí ó ń kọ kò ju ọjọ́, aago àti nọ́ńbà ìgbóná kan ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì lọ: 37, 38, 38, 37. Iṣẹ́ èmi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni kí n máa wo aago fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tí tẹmómítà yóò fi wà nínú omi, kí n sì pariwo bí ó bá pé, torí pé bí ó bá ti tẹ̀ba, kì í fẹ́ gbé ojú kúrò lára gíláàsì. Mo rò pé eré ọmọdé ni. Ní ọdún 2011, n kò bá a wá. Mo ní aṣọ àǹkó ìgbéyàwó kan ni mo ń rán. Aṣọ náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo lè fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ọyẹ́ ni n kò fẹ́ wọ̀ lọ́dún náà. Nígbà tí ó padà dé, mo bi í bí ìrìn-àjò ti rí, ó ní dáadáa ni. Ohun tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀ ni pé: "2011. Mo dé Ìkógòsì. N kò wọn omi. Kò sí ẹni tí yóò wo aago."

Mo pa iná.

Ọjọ́ Ẹtì: Ìkógòsì

Ṣòkòtò náà gbà mí ní ìbàdí, ṣùgbọ́n ó fi íǹṣì méjì kúrú sí mi, ọrùn ẹsẹ̀ mi wà níta gbangba. Bí oníbàárà bá jáde bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, n óò sá pe e padà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n fún mi pé kí ó fọ̀nà hàn mí. Ó sọ ìtàn ọdẹ kan àti àwọn ìyàwó rẹ̀ méjì, ọ̀kan oníbìínú, ọ̀kan onísùúrù, tí ìjà wọn sọ wọ́n di omi méjì, tí ọkọ sì di òkè. Ìtàn náà dùn létí, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Tíṣà fẹ́ràn rẹ̀. Kì í já a nírọ́. A kàn máa fi tirẹ̀ lé e, pé òjò ni ìyàwó méjèèjì, pé orí òkè kan náà ni wọ́n ti rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan gba ẹsẹ̀ òkúta tí ó là wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnàjìnnà, níbi tí ilẹ̀ ti gbóná fúnra rẹ̀, ó sì tún gba inú òkúta padà jáde kí ó tó tutù, nígbà tí èkejì kò rìn jìnnà kí ó tó jáde. Kò sí òkè oníná kankan níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń sú mi. Mo sọ ọ́ fún ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fo nǹkan kan.

Níbi tí omi méjèèjì ti pàdé, mo fi ọwọ́ kan sínú ọ̀kan, mo fi ìkejì sínú èkejì. Wọ́n ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà wá sọ fún mi pé ní orísun, ìgbóná omi náà tó 70. Inú ìwé ìpolówó ni ó ti gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sọ Tíṣà di ẹni tí ń gbé tẹmómítà kiri. A máa bi àwọn afọ̀nàhàn pé bí ó bá jẹ́ 70 ni, ṣé awọ ọwọ́ yín ni ẹ fi ń dán an wò lójoojúmọ́ yìí tí kò bó? Èmi kò bi ọmọ náà ní nǹkan kan. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi, mo fún un, mo ní kí ó pè mí bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá pé. Mo tẹ̀ba pẹ̀lú orúnkún tí ó ń dùn mí, mo yọ gíláàsì náà nínú àpò itan ọ̀tún, mo sì kì í bọ omi ní ibi tí ó ti ń jáde láti abẹ́ òkúta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gùn. N kò mọ̀ pé ó gùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń wo aago rí i bí ó ti ń lọ, ẹni tí ó tẹ̀ba kò rí nǹkan kan àfi omi.

"Bàbá, ó ti pé."

Mo kà á, mo sì gbé e fún un kí òun náà kà á. 38. Ó tún un kà. Ó wo omi, ó wò mí, ó wo ṣòkòtò mi tí kò dé ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú o, bàbá, bóyá ẹ kò kì í wọlé dáadáa. Ẹ jẹ́ kí èmi náà kì í."

Mo na tẹmómítà sí i, mo sì gba aago mi padà lọ́wọ́ rẹ̀.